Ìwé Àkọsílẹ̀ Olè Orí Kọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Lè Fi Ẹ̀ka Ìjọba Kan Wé Òmíràn

Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí àgbàlagbà kan ní Alápòótí, tàbí ní ibikíbi láàárín Adó-Odò àti Ọ̀tà, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìjọba lónìí. Àgbẹ̀ tí ó gba káàdì ìdìbò ti fi orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti àmì ìka ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Sàngó tàbí ní Àgbárá ní nọ́ńbà owó orí, ó ní nọ́ńbà owó ìfẹ̀yìntì, ó sì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní NIN. Ìyá tí ń ta gàrí pàápàá ti so nọ́ńbà fóònù rẹ̀ pọ̀ mọ́ NIN, gẹ́gẹ́ bí ìjọba àpapọ̀ ti pa á láṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020.

Ní ayé àwọn baba wa, inú àpótí ni akọ̀wé ìjọba ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ a sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí olè bá wọlé, ilẹ̀kùn tí ó fọ́ ni yóò kọ́kọ́ ròyìn fún gbogbo ènìyàn. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni àwọn ìwé náà wà. Olè tí ó fẹ́ kó wọn lè jókòó sí òkè òkun. Kò ní fọ́ ilẹ̀kùn, kò ní já fèrèsé. Ó lè da gbogbo ìwé náà kọ, kí ó sì fi ti ìjọba sílẹ̀ ní àyè rẹ̀ bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó jẹ gbogbo wa lógún: nínú àwọn ẹ̀ka ìjọba tí orúkọ wa wà ní ìkáwọ́ wọn, èwo ni ó ń ṣọ́ ilé rẹ̀ dáadáa? Ọ̀nà kan tí a lè gbà mọ̀ ni pé kí a gba ìwé àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní, kí a sì fi wọ́n wé ara wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó gba òye ni. Ẹni tí ó bá kàn ka iye, tí kò sì béèrè ohun mìíràn, lè yin ẹni tí ń sùn, kí ó sì bú ẹni tí ń ṣọ́nà.

OHUN TÍ Ó Ń WỌ INÚ ÌWÉ NÁÀ

Kí a tó lè fi ìwé kan wé òmíràn, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń kọ sínú rẹ̀. Oríṣiríṣi ìṣẹ̀lẹ̀ ni. Òmíràn wà tí ó jẹ́ lẹ́tà ẹ̀tàn, tí a fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ kan bí ẹni pé ọ̀gá rẹ̀ ni ó kọ ọ́, kí ó lè sọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí ó fi ń ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Òmíràn wà tí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ yóò gba ìkànnì ìjọba lórí ayélujára, tí wọn yóò sì lẹ ọ̀rọ̀ tiwọn mọ́ ojú rẹ̀. Òmíràn wà tí wọn yóò ti gbogbo ìwé mọ́ inú kọ̀ǹpútà, tí wọn yóò sì máa béèrè owó ìràpadà kí wọ́n tó ṣí i. Kò tán síbẹ̀ o. Òṣìṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ìjọba sọnù mọ́ lọ́wọ́ nínú ọkọ̀, àti òṣìṣẹ́ tí ń yọjú wo ìwé tí kò kàn án, gbogbo wọn ni ó yẹ kí a kọ sílẹ̀.

Ìwé tí a bá kọ dáadáa yóò sọ ọjọ́ tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí a mọ̀ nípa rẹ̀, ọ̀nà tí olè gbà wọlé, iye ènìyàn tí ó kàn, àti ohun tí a ṣe láti dí ihò náà.

ỌDẸ MÉJÌ ÀTI ỌJÀ MÉJÌ

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà wé ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ká sọ pé ọjà méjì wà ní agbègbè kan, tí ọjà kọ̀ọ̀kan sì ní ọdẹ tirẹ̀. Ọdẹ èkíní ń rìn yíká ọjà ní gbogbo òru pẹ̀lú iná lọ́wọ́. Bí ó bá rí ipasẹ̀ àjèjì lẹ́bàá ìsọ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá rí i pé àgádágodo kan yẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní òpin ọdún, ìṣẹ̀lẹ̀ 60 ni ó wà nínú ìwé rẹ̀. Ọdẹ kejì a máa tẹ́ ẹní rẹ̀ láti agogo mẹ́wàá alẹ́. Ní òpin ọdún, ìṣẹ̀lẹ̀ méjì péré ni ó wà nínú ìwé tirẹ̀, àwọn ọlọ́jà ni wọ́n sì wá sọ méjèèjì fún un nígbà tí wọ́n bá ìsọ̀ wọn lófìfo.

Bí olórí ọjà bá wí pé kí a lé ọdẹ èkíní lọ nítorí pé 60 ju 2 lọ, kí ni ọdẹ mìíràn yóò rí kọ́ nínú rẹ̀? Yóò kọ́ pé kí òun má ṣe kọ nǹkan sílẹ̀ mọ́. Ewu tí ó wà nínú fífi iye lásán ṣe ìdájọ́ nìyí, ó sì ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà púpọ̀ nínú ìwé àwọn ìjọba ńláńlá, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i nísinsìnyí.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI AMẸ́RÍKÀ

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2002, tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2014. Òfin náà pa á láṣẹ pé kí àwọn ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ máa ròyìn àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí, kí àkójọ rẹ̀ sì máa dé iwájú àwọn aṣòfin lọ́dọọdún. Ní ọdún ìṣúná 2006, ìṣẹ̀lẹ̀ 5,503 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún ìṣúná 2015, iye náà ti di 77,183. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò kígbe pé olè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìjọba Amẹ́ríkà tán.

Ṣùgbọ́n ní ọdún ìṣúná 2016 tí ó tẹ̀lé e, iye náà já wálẹ̀ sí 30,899. Ǹjẹ́ àwọn olè ronú pìwà dà láàárín ọdún kan ni bí? Rárá o. Ìlànà ìkọsílẹ̀ ni ó yí padà. Tẹ́lẹ̀ rí, bí àjèjì kan bá kàn fọwọ́ kan ilẹ̀kùn láti mọ̀ bóyá ó tì, wọn a máa kà á mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀. Bí ìwé lásán bá sọnù, tí kò kan kọ̀ǹpútà rárá, wọn a máa ka ìyẹn náà mọ́ ọn. Nígbà tí ìlànà tuntun dé, kò pọn dandan mọ́ kí wọ́n ròyìn irú nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tí kò mọ èyí, tí ó sì fi ọdún 2015 wé ọdún 2016, yóò máa yọ ayọ̀ tí kò ní ìpìlẹ̀. Agbọ̀n ni a pààrọ̀. Ọsàn inú oko kò dín kù.

Ní ọdún ìṣúná 2023, ìṣẹ̀lẹ̀ 32,211 ni wọ́n kọ sílẹ̀, nígbà tí ti ọdún 2022 jẹ́ 29,319. Ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu ni pé ẹ̀yà tí ó pọ̀ jù lọ nínú ìwé ọdún 2023, tí ó tó nǹkan bí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe iṣẹ́ olè òde bí kò ṣe àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n lo kọ̀ǹpútà ìjọba ní ọ̀nà tí òfin kò fẹ́. Àwọn àgbà kò parọ́ nígbà tí wọ́n wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ kan jẹ́ kan, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Ní ọdún 2015, ẹ̀ka tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà rí i pé olè ti wà nínú kọ̀ǹpútà òun láti ọdún 2014. Ìwé ìwádìí nípa ènìyàn mílíọ̀nù 21.5 ni wọ́n kó lọ, àmì ìka ọwọ́ ènìyàn bí mílíọ̀nù 5.6 sì wà lára rẹ̀. Bí olè bá jí ọ̀rọ̀ àṣírí tí ènìyàn fi ń ṣí kọ̀ǹpútà, ènìyàn lè yí i padà lọ́jọ́ kejì. Ta ni yóò yí ìka ọwọ́ rẹ̀ padà? Ìṣẹ̀lẹ̀ kan bí èyí wúwo ju ẹgbẹ̀rún lẹ́tà ẹ̀tàn tí òṣìṣẹ́ gbọ́n yà fún, síbẹ̀ ìlà díẹ̀ ni ó gbà nínú ìwé.

OLÈ TÍ Ó PARIWO ÀTI OLÈ TÍ Ó DÁKẸ́

Ẹ jẹ́ kí a yíjú sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa ń gbé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ìkọlù kan tí a ń pè ní WannaCry dé bá àwọn ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀. Ó ti ìwé àwọn aláìsàn mọ́ inú kọ̀ǹpútà, ó sì ń béèrè owó ìràpadà. Àwọn ayẹ̀wéwò ìjọba sọ lẹ́yìn náà pé, ó kéré tán, ìkọlù náà dí 81 lọ́wọ́ nínú àjọ ilé ìwòsàn 236 tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ayé ni ó gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tí ó ṣeni láàánú ni pé láti oṣù Kẹta ọdún náà ni Microsoft ti gbé àtúnṣe tí ó lè dí ihò náà jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kò tíì lò ó.

Ẹ fi èyí wé ti Àjọ Ètò Ìdìbò ilẹ̀ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni àwọn àjèjì wọ inú kọ̀ǹpútà àjọ náà. Oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni àjọ náà tó mọ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni ó tó sọ fún ará ìlú. Orúkọ àti àdírẹ́sì olùdìbò bí mílíọ̀nù 40 wà ní ibi tí ọwọ́ wọn lè tó. Nítorí pé òfin gba ọmọ Nàìjíríà tí ń gbé níbẹ̀ láàyè láti dìbò, kò sí àní-àní pé orúkọ àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ọ̀gá tí ń ṣọ́ ìwífún ará ìlú ní ilẹ̀ náà bá àjọ náà wí pé kò lo àtúnṣe tí ó yẹ sí ẹ̀rọ rẹ̀, àti pé ìlànà rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àṣírí kò múná.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀ka ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, òdo ni ì bá rí fún ìkọlù yìí nínú ìwé àjọ ìdìbò, nígbà tí olè ti wà nínú ilé fún oṣù mélòó kan. Òdo nínú ìwé lè túmọ̀ sí pé olè kò wá. Ó sì lè túmọ̀ sí pé olè wá, onílé kò jí.

NÍ ILÉ TIWA

Nàìjíríà kò ṣaláì ní òfin. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ayélujára ti ọdún 2015 pàṣẹ pé ẹni tàbí ilé iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá rí ìkọlù gbọ́dọ̀ fi tó ngCERT létí. Ibùdó yìí wà lábẹ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Ọjọ́ méje ni òfin náà kọ́kọ́ fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe ọdún 2024 sọ ọ́ di wákàtí 72, èyí tí í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Bákan náà, Òfin Ìdáàbòbò Ìwífún tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 fi wákàtí 72 lélẹ̀ kí ẹni tí ìwífún jò lọ́wọ́ rẹ̀ tó sọ fún Àjọ tí ń Dáàbò Bo Ìwífún, bí jíjò náà bá lè pa ènìyàn lára. Ó ní kí ó kọ gbogbo irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Bí ewu ńlá bá sì wà níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí ó ni orúkọ náà láìjáfara.

Àwọn àjọ mẹ́ta kan yóò fi hàn wá bí ó ti ṣòro tó láti ṣe ìfiwéra. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2015, tí í ṣe ọjọ́ ìdìbò Ààrẹ, àwọn kan gba ìkànnì Àjọ Elétò Ìdìbò, INEC, lórí ayélujára, kí a tó rí i gbà padà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, tí ó jẹ́ alága àjọ náà nígbà náà, sọ fúnra rẹ̀ pé wọ́n gbìyànjú láti kọlu ibi tí a ń kó èsì ìdìbò sí nígbà ìdìbò gómìnà ní Èkìtì àti ní Ọ̀ṣun, àti pé àwọn kan lára ìgbìyànjú náà ti ọ̀nà jíjìn bí Éṣíà wá. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè, NBS, kéde fúnra rẹ̀ pé àwọn kan ti gba ìkànnì òun, ó sì ní kí ará ìlú má ṣe gba ohunkóhun tí ó bá jáde níbẹ̀ gbọ́ títí tí àtúnṣe yóò fi parí.

Ẹ̀kẹta ni àjọ NIMC, tí NIN wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative kéde pé ìkànnì kan ń ta NIN àti ìwífún ọmọ Nàìjíríà mìíràn ní ọgọ́rùn-ún náírà. NIMC dáhùn pé ẹnikẹ́ni kò fọ́ ibi ìpamọ́ òun, àti pé irú àwọn ìkànnì bẹ́ẹ̀ ń kó ìwífún jọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́ ni.

Bí a bá fẹ́ ka iye lásán, a ó ní INEC ní ìkọlù púpọ̀, NBS ní ẹyọ kan, NIMC kò sì ní rárá gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti wí. Ṣé ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí nìyí? Ó tì o. Ìgbìyànjú tí kò wọlé ni INEC ròyìn ní ọdún 2022. Ti NBS jẹ́ ìkànnì tí a gbà. Ọ̀rọ̀ ti NIMC kan orúkọ ènìyàn, òde ni ẹ̀sùn náà sì ti wá. A kò lè fi òṣùwọ̀n gàrí wọn aṣọ. Ó sì ṣeé ṣe, ní ẹ̀ka ìjọba èyíkéyìí, kí ilé ìpamọ́ wà ní títì gbọn-in, kí ìwífún ará ìlú sì máa gba ọwọ́ ẹlòmíràn jáde sí ọjà. Nítorí náà, kí ìjọba àti ará ìlú jọ máa béèrè ohun tí ó sàn ju iye lọ.

ÌBÉÈRÈ MẸ́FÀ

Nígbà tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé ẹ̀ka kan ní ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí, tí òmíràn sì ní báyìí, ẹ bi ara yín ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

Èkíní: Kí ni wọ́n ń pè ní ìṣẹ̀lẹ̀? Ṣé ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn ni, tàbí ẹni tí ó wọlé?

Èkejì: Ta ni ó kọ ìwé náà? Ṣé ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ ni, tàbí ayẹ̀wéwò láti òde?

Ẹ̀kẹta: Ọjọ́ mélòó ni ó wà láàárín ìgbà tí olè wọlé àti ìgbà tí onílé jí?

Ẹ̀kẹrin: Ènìyàn mélòó ni ó kàn, ǹjẹ́ ohun tí wọ́n kó sì ṣeé yí padà?

Ẹ̀karùn-ún: Báwo ni ilé náà ti tóbi tó? Ká sọ pé ẹ̀ka kan ní kọ̀ǹpútà 100,000, ó sì kọ ìṣẹ̀lẹ̀ 100 sílẹ̀. Ẹ̀ka kejì ní kọ̀ǹpútà 200, ó kọ 20. Ti èkíní jẹ́ ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà. Ti èkejì jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Ẹ̀ka kékeré náà ni ó wà nínú wàhálà.

Ẹ̀kẹfà: Kí ni wọ́n ṣe lẹ́yìn náà? Bí olè bá gba ihò kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ìtìjú onílé ni.

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn Àbújá ni èyí, kò kan ará Alápòótí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí olè bá rí NIN ìyá kan, ó lè fi gbìyànjú láti yá owó ní orúkọ rẹ̀, tàbí láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún fóònù tí yóò fi lu ẹlòmíràn ní jìbìtì. Ẹnu ọ̀nà ìyá náà ni wàhálà yóò kọ́kọ́ dé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi NIN yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹ béèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ sí ìkànnì tí ẹ kò mọ̀, nítorí pé ó ṣèlérí owó ìrànwọ́. Bí ẹ bá mọ̀ pé ìwífún yín ti jò, òfin ọdún 2023 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti kọ ẹ̀sùn sí Àjọ tí ń Dáàbò Bo Ìwífún. Ẹni tí kò mọ̀wé lè mú ọmọ rẹ̀ tàbí olùkọ́ wá kọ ọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àti àwọn ọ̀gá ilé ìwé náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Gbogbo ibi tí kọ̀ǹpútà kan bá wà tí orúkọ ènìyàn sì wà nínú rẹ̀, ó yẹ kí ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí a ó máa kọ lẹ́tà ẹ̀tàn tí ó dé, kọ̀ǹpútà tí ó sọnù àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí ó jò sínú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò ju ti ìwé ọmọ ilé ìwé lọ.

Lékè gbogbo rẹ̀, kí àwọn ọ̀gá má ṣe jẹ akọ̀wé tí ó sọ òtítọ́ níyà. Akọ̀wé tí ó sọ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, mo ṣí lẹ́tà kan tí kò yẹ kí n ṣí,” ti fún ìjọba ní àkókò láti dí ihò náà. Bí a bá gé owó oṣù rẹ̀ nítorí rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò dákẹ́ nígbà tiwọn. Ìwé àkọsílẹ̀ yóò mọ́ tónítóní, orúkọ wa yóò sì ti wà lọ́jà.

Ẹnì kan kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀ka ìjọba tí ó bá jí, tí ó ń kọ ohun tí ó rí, tí ó sì ń sọ ọ́ fún ará ìlú ní àsìkò, òun ni ó yẹ kí a fọkàn tán, bí ìwé rẹ̀ tilẹ̀ kún ju ti àwọn yòókù lọ.